Wáyà Tó Rọ̀, Wáyà Tó Ṣófo

Àyè tó wà láàárín ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ògiri pálọ̀ rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Irin tí wọ́n fi gbé tẹlifíṣọ̀n náà kọ́ ògiri ní apá: ó ṣeé fà síwájú, ó ṣeé yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, kí ẹni tó jókòó sórí ẹní lápá kejì yàrá náà lè máa wòran. Wáyà díìsì dúdú tó gba ojú fèrèsé wọlé ni kò fẹ́ bá a yí. Bí a bá ti ti tẹlifíṣọ̀n padà sẹ́yìn, wáyà á nà gbọnrangandan bí orógùn, á máa gbé ẹnu ihò dikódà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, títí ihò náà fi ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Bó bá ti mì, àwòrán á gé sí wẹ́wẹ́, ẹni tó ń ka ìròyìn á sì dákẹ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé Sókótó láti ọdún 1987, nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé òun àti ọkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà, débẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí síbẹ̀, èdè Haúsá ló sì kọ́kọ́ yọ lẹ́nu méjì nínú wọn. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni páálí kan wà tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì fídíò: ìsọmọlórúkọ, wòlímọ̀, àpèjẹ ìfẹ̀yìntì, àti ọ̀kan tí wọ́n fi báírò kọ “Iléyá 94” sí lára. Eruku ọ̀yẹ́ ti ń wọ̀ wọ́n, ooru sì ń ṣe tirẹ̀. Torí wọn ni mo ṣe wọkọ̀ lọ sí Sókótó, kí n lè bá a kó ohun tó wà nínú wọn sínú kọ̀ǹpútà kí téèpù náà tó jẹrà tán. Mo gbé àpótí kékeré tó ń sọ àwòrán di fáìlì dání. Ẹ̀rọ VHS wà nílé, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wáyà ló kù, mo sì sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Mo ní láti dúró síbí yìí díẹ̀ kí n tó máa lọ. Bí mo bá sọ pé mò ń bá fídíò ilé ṣeré, ọ̀pọ̀ á rò pé fíìmù ni mo ń sọ. Láti ìgbà tí fíìmù Living in Bondage ti jáde ní 1992 ni a ti sọ họ́ọ̀mù fídíò di orúkọ fíìmù lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Kánò ti ṣe Turmin Danya tiwọn láti 1990. Ẹ̀rọ tó ń fi fíìmù náà hàn ni mo ń sọ ní tèmi, àti okùn tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Kò sẹ́ni tó ń kọrin kí okùn yẹn. A kì í rántí rẹ̀ àfi ọjọ́ tí àwòrán bá ṣú.

Ọmọkùnrin tó ń so díìsì ládùúgbò ni a kọ́kọ́ pè. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, Gúsáù ni wọ́n bí òun sí. Ó gbọn wáyà wa wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wáyà yìí ò bàjẹ́ o. Ìwà ẹ̀ ló le.” Ó yọ réésà nínú àpò, ó gé èyí tó ṣẹ́kù lára róòlù rẹ̀, ó sì là á ní gígùn bí ẹni ń bó ìrèké kí n lè rí inú rẹ̀.

Okùn irin kan ṣoṣo ló wà láàárín gbùngbùn, kò nípọn ju mílímítà 1 lọ. Fóòmù funfun ló yí i ká. Lẹ́yìn fóòmù ni bébà alumíníọ̀mù tó ń dán, lẹ́yìn bébà ni àwọ̀n tí wọ́n hun bí àwọ̀n apẹja, rọ́bà dúdú ló wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Okùn àárín ló ń gbé àwòrán lọ. Àwọ̀n àti bébà ni ọ̀nà àbọ̀, àwọn náà ni ògiri tí kì í jẹ́ kí ariwo ìta wọlé. Gbogbo wọn ló pín àárín kan náà bí òrùka nínú òrùka, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní kóásíà. Ní ọjà, wáyà díìsì lásán ni orúkọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n pè é ní RG6, ìyẹn àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sí ara rọ́bà náà.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́. Oliver Heaviside, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú wáyà báyìí ní 1880, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kò tíì sí. Lloyd Espenschied àti Herman Affel, tí wọ́n ń bá AT&T ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ohun tó lè kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpè fóònù àti àwòrán pọ̀ nínú okùn kan, ní ìparí àwọn ọdún 1920. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV fi máa bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, kò sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó lè ṣiṣẹ́ láìní in mọ́. Wọ́n fi 75 òhm ṣe òdiwọ̀n fún ti fídíò, torí pé nítòsí iye yẹn ni wáyà kì í ti í sábà jí agbára àwòrán jẹ lọ́nà. Fóòmù ló ń tọ́jú iye náà: bí àyè tó wà láàárín okùn àárín àti àwọ̀n bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iye yẹn ṣe máa rí. Ẹ tẹ fóòmù mọ́lẹ̀, ẹ ti yí iye náà padà nìyẹn.

Ohun tó fà á tí kì í fi í fẹ́ yí nìyẹn. Wáyà RG6 nípọn tó bíi mílímítà 7, òfin àwọn tó ń ṣe é sì ni pé a kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá ìlọ́po mẹ́wàá ìnípọn rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìtẹ̀ tó kéré jù tó lè gbà láìfara pa nílò sẹ̀ǹtímítà 7 láti àárín òbírí rẹ̀, ká tó wá ka gígùn irin ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn. Ìka mẹ́rin ti tán. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní ayé tẹlifíṣọ̀n onígbá, tó ń jókòó sórí tábìlì tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí ìdí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dé. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí a gbé kọ́ ògiri ló mú un wá.

Ní Sókótó, wáyà kan kì í tó. Ẹni tó bá wo orí òrùlé láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á rí díìsì méjì lórí ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀kan dojú kọ ìlà oòrùn, ó ń wá sátẹ́láìtì tó wà ní 36 dígíríì lápá ìlà oòrùn, níbi tí DStv ń gbé. Èkejì ń wòkè bí ẹni tó ń wá òṣùpá ààwẹ̀, ó kàn tẹ̀ díẹ̀ sí apá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn: Nilesat ló ń wò, ní 7 dígíríì lápá ìwọ̀ oòrùn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sórí wa gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn tẹlifíṣọ̀n Lárúbáwá tí a kì í sanwó fún wà. Nítorí pé díìsì yìí tẹ́jú sókè bí abọ́, eruku ọ̀yẹ́ ló kún inú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán lọ nù ún. Wáyà méjì ló ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pàdé nínú àpótí kékeré kan, ọ̀kan ló wá wọlé. Ibi tí wáyà ti pọ̀ tó báyìí, ibẹ̀ náà ni ìtẹ̀kótẹ̀ máa ń pọ̀ sí.

Ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú díìsì, tí wọ́n ń pè ní LNB, ló ń sọ ìgbì tó ti ojú sánmọ̀ wá di ìgbì 950 sí 2150 mẹgahátì kó tó gba inú wáyà. Ní 2150, ìgbì kan nínú wáyà kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 11 àti ààbọ̀ lọ, bí gígùn àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin. Ibi kékeré tí wáyà bá ti ká kò, ìgbì yìí á mọ̀ ọ́n lára, apá kan á padà síbi tó ti ń bọ̀. Ti ẹ̀rọ VHS yàtọ̀ pátápátá. Àwòrán tó ń tú jáde kì í kọjá nǹkan bíi mẹgahátì 5, ìgbì rẹ̀ nínú wáyà kì í sì kúrú ju nǹkan bíi 40 mítà lọ. Fún wáyà mítà 2 láàárín ẹ̀rọ VHS àti kọ̀ǹpútà, mo lè fi ẹnu mi sọ ọ́ pé 75 òhm kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan, bó ti wù kí àwọn tó ń ta wáyà olówó gọbọi lérí tó. Ohun tí ìyẹn nílò ni àwọ̀n tó nípọn, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ kì í jìnnà sí wa, ariwo rẹ̀ a sì máa gòkè lójú àwòrán bí ìlà gbọọrọ tó ń rìn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀.

Wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò tó bá ẹ̀rọ VHS wá ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Àwòrán dé, ìlà náà sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Mo la wáyà yẹ́lò náà wò: bí irun mẹ́jọ péré, tí wọ́n lọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ló dúró fún àwọ̀n. Gbogbo ìyókù jẹ́ rọ́bà. Ó rọ̀ bí okùn bàtà, nítorí pé kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó lè le.

Gbólóhùn yẹn ló tẹ̀ lé mi dé ọjà.

Ọjà ńlá Sókótó, tí iná jó púpọ̀ nínú rẹ̀ ní oṣù kìíní 2021, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó bọ́ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà Ahmadu Bello Way. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ: waya mai laushi, wáyà tó rọ̀. Ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ìdáhùn kan náà ni. “Akwai, yallabai.” Ó wà. Wọ́n á na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á fa róòlù funfun kan jáde, tó fúyẹ́, tó ń tẹ̀ bí amálà tó gbóná. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé èló ni yáàdì. Iye tó pè kò tó ìlàjì owó ti dúdú líle. Ó yẹ kí ara fu mí lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti pa mí, mo ra yáàdì mẹ́ta.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mi rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ọ̀rọ̀.” Ohun tó fi ń bi wáyà léèrè ọ̀rọ̀ ni òkúta mágínẹ́ẹ̀tì tó tú jáde lára sípíkà redíò tó ti kú, tó sì ń gbé kiri nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó là á, ó gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ okùn àárín tó pupa bí bàbà. Okùn náà fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ni, bàbà ni wọ́n fi kùn ún lára. Ó tún fi réésà ha àwọn irun àwọ̀n tó pupa, ara funfun ló yọ síta lábẹ́ rẹ̀: alumíníọ̀mù. A ka irun náà pọ̀, wọn kò tó ogún.

Mo gbọ́dọ̀ gbè fún irin díẹ̀ níbí. Ìgbì tó bá ga bíi ti díìsì kì í wọ inú okùn lọ jìnnà. Ojú okùn níta ló ń bá rìn. Nítorí náà, irin tí wọ́n fi bàbà bò dáadáa lè gbé ìgbì sátẹ́láìtì bí bàbà gidi ti ń gbé e, ó sì máa ń lágbára ju bàbà lọ bí wọ́n bá fà á. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀ fún ogún mítà láti orí òrùlé. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn kan náà ló ń gbé iná lọ fún LNB, fóltì 13 tàbí 18, iná yẹn sì ń gba inú okùn náà kọjá látòkè délẹ̀, níbi tí irin ti ń dí i lọ́nà ju bàbà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí wáyà bá gùn, tó sì tínrín, tí àpótí díìsì méjì tún wà láàárín, fóltì 18 lè rẹlẹ̀ débi tí LNB á fi rò pé 13 ni, ìlàjì àwọn ìkànnì á sì sọnù. Àwọn èèyàn á máa ní díìsì ti yí, wọ́n á máa gun òrùlé.

Níbo ni rírọ̀ gidi ti ń wá, nígbà náà? Láti ara ọ̀pọ̀ ni. Dípò okùn àárín kan ṣoṣo tó nípọn, wọ́n á lọ́ okùn tínínrín méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pọ̀ di ọ̀kan. Dípò bébà alumíníọ̀mù tó máa ń ya bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á hun àwọ̀n bàbà, nígbà míì àwọ̀n méjì léra, tó dí débi pé a kò ní rí fóòmù láàárín rẹ̀. Irú wáyà tí àwọn oníkámẹ́rà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń ká kò tí wọ́n tún ń tú nìyẹn, lójoojúmọ́ ayé wọn. Ó rọ̀, ó sì wúwo lọ́wọ́. Èyí tí mo rà rọ̀, ó fúyẹ́. Ìyàtọ̀ wáyà tó rọ̀ nítorí pé irun bàbà pọ̀ nínú rẹ̀ sí èyí tó rọ̀ nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń gbé wáyà sórí àtẹ́lẹwọ́ kí n tó béèrè iye rẹ̀.

Ooru ìlú yìí náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, oòrùn Sókótó ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, páànù orí ilé sì gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ dáadáa. Ní ti rọ́bà PVC funfun tó rọ̀, òróró kan tí wọ́n pò mọ́ ọn ló mú un rọ̀. Oòrùn á fa òróró náà jáde díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà á le, á sán, omi òjò àkọ́rọ̀ á sì rí ọ̀nà wọ inú àwọ̀n. Fóòmù náà máa ń rọ̀ nínú ooru, bí wáyà bá sì ti ká kò lórí ìṣó, okùn àárín á rọra máa rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí tí kò fi ní sí láàárín mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pẹ̀lú ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pé wáyà líle dúdú ni kó máa bá oòrùn jà lórí òrùlé títí dé ojú fèrèsé. Mítà kan tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ìtura wà tí àyè kò sí, ni iṣẹ́ wáyà tó rọ̀. Ìpín iṣẹ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi owó ńlá ra wáyà oníkámẹ́rà kó wá tẹ́ ẹ sórí páànù.

Wọ́n tún tọ́ka wa sí ọkùnrin kan tó máa ń kó ẹrù elekitiróníìkì àlòkù gba ọ̀nà Ìlélà wá, láti Birnin-N’Konni lódìkejì ẹnubodè. Ẹrù rẹ̀ dùn ún wò. Wáyà dúdú kan wà níbẹ̀ tó rọ̀, tó wúwo, mo ti ń dúpẹ́ kí n tó rí orí rẹ̀: ẹnu gbàgìdì onígun tó ní eyín mọ́kànlélógún, SCART, tí ìjọba Faransé pàṣẹ fún gbogbo tẹlifíṣọ̀n wọn láti 1980. Ẹ̀rọ fídíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ètò àwọ̀ SECAM tí wọ́n ń lò ní Nìjẹ́ẹ̀ láyé kásẹ́ẹ̀tì, a sì mọ̀ pé PAL ni tiwa. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà ní Sókótó, bí wọ́n bá fi sínú ẹ̀rọ irú ìyẹn, dúdú àti funfun ló máa bá wa jáde, bẹ́ẹ̀ ilé ẹni méjèèjì kò jìnnà síra. Mo fẹ́ gé orí wáyà náà dànù kí n lo ìyókù. Ọkùnrin náà kọ̀, ó ní òun kò ní ta ara láìta orí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pe Èkó. Mo pe ọ̀rẹ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Àlàbá. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n róòlù odidi ni wọ́n ń ta, ta ló fẹ́ ra 100 mítà nítorí yáàdì mẹ́ta? Láti Èkó dé Sókótó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà. Ti Kánò sún mọ́ díẹ̀, àmọ́ ọ̀nà Gúsáù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà, àwọn awakọ̀ kì í sì fẹ́ rin ọ̀nà yẹn lálẹ́ mọ́ nítorí àwọn ajínigbé. Ẹrù kékeré a máa sùn sí gáréèjì fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rí ẹni gbé e. Mo ti ń ronú àtipadà sílé pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ péré tí mo kó, tí ìlà jẹnẹrétọ̀ wà lójú gbogbo wọn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ronú kan àwọn tí àwọn Haúsá ń pè ní ’yan gwangwan, àwọn tó ń ra irin àti ike ògbólógbòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ń wá bàbà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra bàbà ló yẹ kó lọ.” A lọ sí ibi tí ìlú ti ń tán, níbi tí wọ́n ti to irin fíríìjì, ẹ̀yìn ọkọ̀ àti agolo jọ bí òkè. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ jókòó sábẹ́ páànù pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀, òkìtì wáyà wà nílẹ̀ tó ń dúró de iná. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á dáná sun awọ rẹ̀ kúrò, èéfín dúdú á ru, jan ƙarfe, irin pupa, ìyẹn bàbà, ló máa ṣẹ́kù tí wọ́n á wọ̀n fún àwọn oníbàárà tó ń kó o lọ sí Kánò. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Wáyà tí irin àti alumíníọ̀mù kún inú rẹ̀ kò lówó lórí lójú wọn, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wáyà tó bá dára jù, tó ní bàbà jù, òun ni iná ń kọ́kọ́ jẹ.

Mo fi ẹsẹ̀ tú òkìtì náà. Wáyà iná, wáyà mọ́tò, okùn tẹlifóònù. Nísàlẹ̀, mo fa ohun dúdú kan tó ká ara rẹ̀ bí ejò tó yó. Mo gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́: ó wúwo. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka mi, ó tẹ̀ láìjanpata. Mo nu eruku ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú itọ́, àmì kan yọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́: RG-59, 75 OHM. Orí BNC onírin fàdákà ṣì wà ní ìparí rẹ̀ kan. Mo bi ọkùnrin náà léèrè ibi tó ti rí i. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀ ni, tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń fi fóònù yàwòrán báyìí.

Mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà jáde. Okùn àárín kò mira. Méje ni àwọn okùn tínínrín inú rẹ̀. Réésà ha wọ́n, pupa ni wọ́n láti òkè dé inú. Àwọ̀n bàbà náà dí, òkùnkùn díẹ̀ ti wà lára rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ kí n gbà pé kò purọ́. Ọkùnrin náà gbé èyí tí mo gé sórí òṣùwọ̀n, ó sì pe iye bàbà fún mi, bí ẹni ń ta ẹran. Kò yọ rọ́bà kúrò nínú ìwọ̀n náà. N kò bá a jà.

Iṣẹ́ kékeré kan ṣì kù kí a tó lè lò ó fún díìsì, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìyẹn sì máa ń dójú tì. Irin ẹnu tí a ń yí mọ́ ẹ̀yìn dikódà kò ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Okùn àárín wáyà fúnra rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà. Òun ló fà á tí wáyà líle fi ní okùn kan ṣoṣo tó dúró ṣinṣin. Bí a bá ti okùn méje tó rọ̀ wọ inú ihò náà, wọ́n á fọ́nká, ọ̀kan á kan ògiri, àwòrán á kú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kó àwọn okùn náà jọ, ó fi ìka lọ́ wọn, ó wá fi irin gbígbóná da lẹ́ẹ̀dì lé wọn lórí títí wọ́n fi di abẹ́rẹ́ kan tó ń dán. Ó dúró kó tutù, ó fi pílíà gé e ní ìwọ̀n, ó sì yí i wọlé. A fi ìsopọ̀ kékeré kan mú un mọ́ wáyà líle lójú fèrèsé. Mo ti tẹlifíṣọ̀n padà títí ó fi kan ògiri. Kò sí ohun tó tì í.

A ṣe ti ẹ̀rọ VHS lọ́jọ́ kejì, mítà 2, pẹ̀lú orí RCA tí a jó mọ́ ọn. Ìlà jẹnẹrétọ̀ náà ṣì wà, bí ojú bá wá a. O ní láti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kó o tó rí i. Ẹ̀gbọ́n mi fi “Iléyá 94” sí i. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka orúkọ àwọn tó ń kọjá lójú àwòrán. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àwọn orúkọ kan.

Mítà mẹ́rin ni mo gé. Ìyókù tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin náà kò dín ní mítà ogún, mo sì ti rántí ẹnìkan ní Ìbàdàn tó máa fẹ́ ẹ. Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Òkìtì ti di eérú, bàbà pípọ́n wà nínú àpò ṣaka kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ọkùnrin náà bẹ̀ mí, ó ní òun kò mọ̀ pé màá padà. Ó ní tí irú rẹ̀ bá tún dé, òun á yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ ìwé kà, báwo ni òun ṣe máa dá a mọ̀? Mo mú èédú kan nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti dáná, mo kọ 75 gàdàgbà sára páànù tó wà lórí rẹ̀. Ó dìde, ó wò ó, ó sì fi ìka tọ ojú àmì méjèèjì náà lẹ́ẹ̀kan.